ORÍ KEJE: BÍ ÌLÚ ṢE Ń YÍ PADÀ, BẸ́Ẹ̀ NI ẸGBẸ́ ỌMỌ ÌTA Ń YÍ PADÀ

Èròǹgbà orí yìí

Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

1. sọ ohun tí ẹgbẹ́ ọmọ ìta jẹ́, kí ó sì ya oríṣiríṣi wọn sọ́tọ̀;
2. ṣàlàyé bí rélùwéè, ilé wíwó, gáréèjì, ilẹ̀ títà àti yunifásítì ṣe ń yí iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí padà;
3. fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó wé ti Ilé-Ifẹ̀, pàápàá ní agbègbè Òkè Ogbo;
4. sọ ìdí tí katapílà àti ọlọ́pàá nìkan kì í fi í yanjú ọ̀rọ̀ náà.

7.1 Ìfáárà

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí ìjọba sé ìlú mọ́ nítorí àrùn kòrónà, ọ̀pọ̀ àdúgbò láti Agége àti Ifákò-Ìjàyè ní Èkó títí wọ Sángo-Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni kò fojú kan oorun. Àwọn baálé ilé àti àwọn ọ̀dọ́ dáná sun táyà sí oríta, wọ́n mú àdá àti kóńdó dání, wọ́n ń gbapò ara wọn ṣọ́ ilé títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ra fún ni àwọn ọmọ tó ń pe ara wọn ní Awawa àti One Million Boys. Àwọn ọmọ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Orúkọ wọn ti wà lẹ́nu aráàlú ṣáájú àrùn náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ kò rìn mọ́, tí ọjà sì tì, owó òòjọ́ tí irú wọn ń rí ní ìdíkọ̀ àti lẹ́nu ọjà dá. Ìbẹ̀rù wá ṣí kúrò ní ìdíkọ̀, ó wọ ojúlé.

Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí gbé kókó orí yìí jáde. Ẹgbẹ́ ọmọ ìta kì í dédé hù. Ibi tí owó bá ń gbà kọjá lójoojúmọ́, tí òfin kò sì sí níbẹ̀ láti ṣọ́ ọ, ni wọ́n máa ń fìdí kalẹ̀ sí. Bí ìlú bá yí ọ̀nà tí owó ń gbà padà, àwọn náà á yí ibùjókòó, orúkọ àti iṣẹ́ wọn padà. Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹgbẹ́ kan fi wà ní òpópó kan, owó tó ń gba òpópó náà kọjá ni kí ó kọ́kọ́ wò.

7.2 Ta ni ọmọ ìta?

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹgbẹ́ ọmọ ìta ni àwùjọ àwọn ọ̀dọ́ tó sọ àdúgbò, oríta tàbí ìdíkọ̀ kan di tiwọn, tí wọ́n ní ọ̀gá, tí wọ́n ń fi ipá tàbí ìhàlẹ̀ gba owó, tí wọ́n sì ṣe tán láti jà bí ẹgbẹ́ mìíràn bá fẹ́ gba ibẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, a lè pín wọn báyìí:

(a) Àríà bọ́ìsì: àwọn ọmọ àdúgbò tó ń tọrọ owó tipátipá lọ́wọ́ onímọ́tò, oníṣòwò àti àwọn tó ń ṣe ìnáwó.

(b) Alágbèrò: àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ ní gáréèjì àti ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù.

(d) Ajagungbalẹ̀: àwọn tó ń jà fún àwọn ọmọ onílẹ̀ lórí ilẹ̀, tí wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé.

(e) Ẹgbẹ́ òkùnkùn: àwọn ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà yunifásítì, tí wọ́n ti wà lójú títì báyìí.

(ẹ) Àwọn ọmọ kéékèèké àdúgbò: àwọn ọ̀dọ́langba tó ń rìn ní ọ̀pọ̀ èrò, tí wọ́n ń jalè lọ́sàn-án gangan tí wọ́n sì ń sá lọ.

Ìpín yìí kì í ṣe ògiri. Ẹnì kan náà lè jẹ́ alágbèrò láàárọ̀, kí olóṣèlú háyà rẹ̀ nígbà ìdìbò, kí ó sì tẹ̀ lé ajagungbalẹ̀ lọ sóko lọ́jọ́ Sátidé. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ọ̀dọ́ tó jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà ni ọmọ ìta, kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ awakọ̀ ni jàǹdùkú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá da àwọn méjèèjì pọ̀ yóò ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lóye.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ìwádìí ńlá lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Frederic Thrasher, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, tó tẹ ìwé *The Gang* jáde ní 1927. Ẹgbẹ́ 1,313 ló kà ní ìlú Chicago. Ó rí i pé wọn kì í sábà wà ní àdúgbò tí ìdílé ti fìdí múlẹ̀ dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ rélùwéè, ìtòsí ilé iṣẹ́, ẹ̀bá odò, ààlà àdúgbò méjì, ibi tí àwọn kan ń kó kúrò tí àwọn mìíràn sì ń kó dé, ni wọ́n pọ̀ sí. Àlàfo inú ìlú ni Thrasher rí, àlàfo yìí náà la ó sì máa bá pàdé ní Èkó.

7.3 Rélùwéè, èbúté àti àwọn jàgùdà

Ní 1896 ni ìjọba àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú rélùwéè láti Ìdó ní Èkó, ọkọ̀ ojú irin sì ti ń rìn dé Ìbàdàn ní 1901. Kòkó, epo pupa àti ẹkùrọ́ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté; aṣọ, iyọ̀ àti ohun èlò ilẹ̀ òkèèrè ń gòkè lọ sí oko. Ọ̀nà owó tuntun ni èyí. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ìdó lè ti ta ìrè oko ọdún kan, kí owó rẹ̀ wà nínú àpò agbádá, kí ó má sì mọ ẹnikẹ́ni nínú ìlú.

Ibẹ̀ ni àwọn jàgùdà ti rí iṣẹ́. Láti àwọn ọdún 1920 wá ni àwọn ìwé ìròyìn àti ìjọba ní Èkó àti Ìbàdàn ti ń pariwo wọn. Ibùdókọ̀ ojú irin, ọjà àti ibi ayẹyẹ ni wọ́n ti ń fa àpò ya.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Èkó tún yí padà. Ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun ń gúnlẹ̀ léraléra, àwọn atukọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú owó lọ́wọ́, wọ́n ń wá ọtí àti obìnrin. Bí àwọn tí wọ́n ń pè ní Boma boys ṣe gbilẹ̀ nìyẹn: àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, tí wọ́n ń dúró ní èbúté láti mú àwọn atukọ̀ lọ sí ilé ọtí àti ilé aṣẹ́wó, tí wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ atukọ̀ àti lọ́wọ́ onílé. Ní 1941 ni ìjọba yan Donald Faulkner gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ fún ìtọ́jú àwọn ọmọ tó ń rìn kiri ní Èkó. Nígbà tí ogun parí, tí ọkọ̀ àwọn ológun dín kù, iṣẹ́ Boma dín kù pẹ̀lú wọn. Ọ̀nà owó tó bí wọn ló dí.

7.4 Ilé wíwó: láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Màrókò

Ní 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń kó ran ènìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Èyí ló mú kí ìjọba dá àjọ Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú tò. Ní àárín àwọn ọdún 1950, àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó apá kan Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí Súrùlérè. Peter Marris, tó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1961, fi hàn pé ìnira àwọn tó kó lọ kọjá ọ̀rọ̀ ilé. Ìyá tó ń tajà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pàdánù oníbàárà. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó wà nínú agboolé kan ṣoṣo wá jìnnà síra wọn, owó ọkọ̀ sì di ìnáwó tuntun.

Fún ọ̀rọ̀ wa, agboolé yìí ṣe pàtàkì. Nínú agboolé, kì í ṣe òbí nìkan ló ń tọ́ ọmọ. Àgbàlagbà tó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ mọ ọmọ ẹni tó ń kọjá, ó sì lè bá a wí láìbèèrè. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí àgbà kò sí lọ́jà mọ́, ẹlòmíràn ló gba àyè rẹ̀: ẹ̀gbọ́n àdúgbò, ẹni tó ju àwọn ọmọ náà lọ pẹ̀lú ọdún díẹ̀, tó ń fún wọn lóúnjẹ, tó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ọlọ́pàá, tó sì ń rán wọn níṣẹ́ tí kò dára.

Ti Màrókò le ju ti Ìsàlẹ̀ Èkó lọ. Ní July 14, 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Rájì Ràsákì wó gbogbo àdúgbò náà lẹ́yìn ìkìlọ̀ ọjọ́ péréte. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni wọ́n lé jáde. Àwọn díẹ̀ rí ilé tí kò parí gbà ní ibòmíràn, ọ̀pọ̀ kò rí nǹkan kan. Wọlé Ṣóyínká fi ọ̀rọ̀ àwọn ará Màrókò tí wọ́n lé jáde sínú eré rẹ̀ *The Beatification of Area Boy*, tó jáde ní 1995. Àkọlé eré náà fi hàn bí orúkọ àríà bọ́ì ti ṣe gbajúmọ̀ tó ní Èkó nígbà yẹn.

Kì í ṣe ilé wíwó nìkan ló sọ orúkọ yẹn di ńlá. Ní 1986 ni ìjọba Ìbràhím Bàbáńgídá gbé ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé tí a ń pè ní SAP wọlé. Náírà já wálẹ̀, ilé iṣẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, ìjọba dáwọ́ gbígba ènìyàn síṣẹ́ dúró ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọmọ tó jáde níwèé mẹ́wàá, tí bàbá rẹ̀ ìbá ti mú lọ sí ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, kò rí ibi kankan lọ. Ó padà sí oríta.

7.5 Gáréèjì: bí owó ṣe ń dé ọwọ́ alágbèrò

Ní 1978 ni ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni, ó sì ní iṣẹ́ rere tó lè ṣe: kí ọkọ̀ máa tò létòlétò, kí awakọ̀ máa rí ìrànlọ́wọ́ nígbà ìjàǹbá. Ṣùgbọ́n ìlú dàgbà ju ọkọ̀ ìjọba lọ. Dàńfó àti mólúè ló gbé Èkó rù, ojoojúmọ́ sì ni àìmọye awakọ̀ ń gba owó tútù lọ́wọ́ èrò. Owó tó ń rìn báyìí láìsí ìwé ni ẹgbẹ́ ọmọ ìta fẹ́ràn jù.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe ń lọ. Dàńfó fẹ́ gbé èrò ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù. Kí ó tó dúró dáadáa, ọmọkùnrin kan ti di ilẹ̀kùn mú, ó ń fọwọ́ gbá ara ọkọ̀: "Owó dà?" Kọ́ńdọ́ ká owó bébà kan mọ́ àárín ìka, ó nà án sí i láìwo ojú rẹ̀. Ọmọkùnrin náà fa máàkà yọ, ó fi àmì sí ara ọkọ̀, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà níwájú lè mọ̀ pé wọ́n ti san ti àárọ̀. Bí awakọ̀ bá ṣagídí, wọ́n lè yọ wáípà tàbí dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí kí ẹnì kan bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Owó àárọ̀ wà, ti ọ̀sán wà, ti ìrọ̀lẹ́ wà. Owó lódìn wà, owó ìparí ọ̀sẹ̀ náà wà. Ọmọ tó gbà á kì í jẹ gbogbo rẹ̀. Ó ní iye tí ó gbọ́dọ̀ kó fún ọ̀gá rẹ̀ lálẹ́, ọ̀gá náà sì ní ẹni tí òun ń jíhìn fún. Lọ́jọ́ ìdìbò, òkè pátápátá ni àṣẹ ti ń wá.

Ìdí nìyí tí ìjà gáréèjì fi máa ń le. Bí orúkọ ló mú wọn jà, àlàáfíà kì bá ti pẹ́ kí ó tó dé. Owó ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jà lé lórí.

7.6 Nígbà tí ìjọba yí ọ̀nà owó padà

Ní March 2008, ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ láti Máìlì 12 lọ sí CMS. Ó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, èrò sì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ó tó wọlé. Alágbèrò kò rí ilẹ̀kùn dì mú. Ní January 2009, ìjọba Babátúndé Fáṣọlá palẹ̀ Òṣódì mọ́: wọ́n lé àwọn tó ń tajà lójú irin àti lábẹ́ afárá, ọ̀nà sì là. Ní 2019 ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá onílé mẹ́ta níbẹ̀. Ní September 2023, ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Marina àti Máìlì 2, káàdì ni èrò sì fi ń sanwó.

Àwọn ètò yìí kọ́ wa ní ohun méjì. Èkíní, ibi tí owó bá ti gba inú tíkẹ́ẹ̀tì àti káàdì kọjá, ọwọ́ ọmọ ìta kì í tó o. Èkejì, ẹni tí wọ́n lé kúrò ní Òṣódì kò pa rẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n palẹ̀ rẹ̀ mọ́ ni ìròyìn ń gbé. Àdúgbò tí àwọn tí wọ́n lé kó lọ kì í hàn nínú fọ́tò.

Ìjọba tún dán ọ̀nà mìíràn wò. Ní 2019, gómìnà Ṣèyí Mákindé dá iṣẹ́ NURTW dúró ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó sì dá ètò ìṣàkóso gáréèjì tuntun sílẹ̀. Ní 2022, ìjọba Èkó náà dá iṣẹ́ NURTW dúró ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, ó sì yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣàkóso gáréèjì. Alága ẹgbẹ́ náà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ṣe olórí ìgbìmọ̀ tuntun. Ní 2023, ìjọba Ọ̀yọ́ tú àwọn tí ó fi ṣe alábòójútó gáréèjì ká. Aṣọ yí padà, orúkọ yí padà, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí owó tútù ṣì ń kọjá láti ọwọ́ kọ́ńdọ́ sí ọwọ́ ẹni tó dúró lójú títì, ẹnu iṣẹ́ náà kò yí padà.

7.7 Ilẹ̀: nígbà tí oko di ìlú

Bí ìlú ṣe ń fẹ̀ ni oko ń di púlọ́ọ̀tì. Ní Ìkòròdú, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, Ọ̀tà àti ẹ̀yìn odi Ìbàdàn, ilẹ̀ tí wọ́n fi ń gbin ẹ̀gẹ́ lánàá ti di ohun tí wọ́n ń fi mílíọ̀nù náírà tà lónìí. Bí ìdílé méjì bá ń du ilẹ̀ kan náà, tí ẹjọ́ sì ń pẹ́ ní kóòtù, ẹni tó bá ní ajagungbalẹ̀ ló máa ń gba ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bá ẹni tó rà á: owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kì, owó òrùlé. Bí o kò bá san án, bírikìlà rẹ kò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ní August 2016, gómìnà Akínwùmí Ambọ̀dé fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò ohun ìní ní ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tó sọ gbígba owó báyìí di ẹ̀ṣẹ̀. Òfin náà dára. Ibi tí ẹ̀rí ilẹ̀ bá yanjú, tí ìwé ilẹ̀ sì rọrùn láti gbà, ló ti ń ṣiṣẹ́ jù.

7.8 Ilé-Ifẹ̀ àti Òkè Ogbo

Akẹ́kọ̀ọ́ lè rò pé ọ̀rọ̀ Èkó nìkan ni gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ kí a wá sílé. Òkè Ogbo ní Ilé-Ifẹ̀ ni olú ilé ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀, èyí tí ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 188,087 nínú rẹ̀. Ohun mẹ́ta ló yí Ilé-Ifẹ̀ padà: yunifásítì, ìjọba ìbílẹ̀ àti fóònù.

Ní 1967 ni Yunifásítì Ifẹ̀ kó láti Ìbàdàn wá sí ọgbà rẹ̀ ní Ifẹ̀. Ní 1987 ni wọ́n sọ ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (OAU). Akẹ́kọ̀ọ́ 244 ló bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà ní 1962. Lónìí, wọ́n ti ju 30,000 lọ, yàrá inú ọgbà kò sì gbà wọ́n. Nítorí náà ni ilé àyágbé fi kún ọ̀nà Ẹdẹ, Mayfair, Lágéré àti Pàràkìn, tí kọ̀rọ̀pẹ́ àti ọ̀kadà sì ń ná geeti yunifásítì láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Owó akẹ́kọ̀ọ́ ti di ọ̀nà owó pàtàkì nínú ìlú.

Ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ inú ìtàn yìí láti inú ọgbà. Ẹgbẹ́ Pyrates tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méje, Wọlé Ṣóyínká pẹ̀lú, dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1952 kò ní ìpànìyàn nínú ète rẹ̀. Àwọn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ló gbé ìbọn. Ní 1989, ìjọba ológun fòfin de ẹgbẹ́ òkùnkùn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Síbẹ̀, ní òru July 10, 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Black Axe wọ Awólọ́wọ̀ Hall ní OAU, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, George Iwilade tó jẹ́ akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU ti mú ìkórìíra ẹgbẹ́ òkùnkùn bí àṣà. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Nàìjíríà lápapọ̀, ìgbà tí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ le mọ́ wọn ni wọ́n túbọ̀ ń wá ọmọ ẹgbẹ́ lójú títì: mẹkáníìkì, fọganáísà, ọlọ́kadà, ọmọ iléèwé girama. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn Ẹyẹ àti Ayé ti ń gba ẹ̀mí ní Òṣogbo, ó sì ti dé Ilé-Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jà kò jókòó nínú kíláàsì yunifásítì rí.

Ìjọba ìbílẹ̀ ni èkejì. Nígbà tí wọ́n dá ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sílẹ̀ ní 1996, ibi tí olú ilé rẹ̀ yóò wà di àríyànjiyàn láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, àwọn ìlú méjì tí aáwọ̀ wọn ti wà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà tí olú ilé náà bọ́ sí Òkè Ogbo, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1997, kò sì rọlẹ̀ tán títí di 2000. Ọ̀dọ́ ló jà á. Ẹni tó bá ronú lórí kókó orí yìí kò ní yà á lẹ́nu: olú ilé ìjọba ìbílẹ̀ ni ibi tí owó, iṣẹ́ àti kọ́ńtíráàtì ń gbà wọ ìlú. Ibi tí wọ́n bá gbé e sí, òpópó ibẹ̀ á là, ilẹ̀ ibẹ̀ á wọ́n, ọmọ ibẹ̀ á ríṣẹ́. Ìjà náà ní ìtàn gígùn lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọ̀nà owó tuntun ló ta epo sí iná rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni fóònù, tó gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú yàrá. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù November 1, 2023, àjọ EFCC, tó ń gbógun ti jìbìtì owó, ya wọ ilé àyágbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU kan nínú ìlú, wọ́n sì kó akẹ́kọ̀ọ́ 69 lọ lórí ẹ̀sùn jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Yálà ẹ̀sùn náà jẹ́ òótọ́ lórí ẹnì kan tàbí kò jẹ́, ohun kan ti yí padà. Owó tí ọmọ Yahoo, bí a ṣe ń pe ẹni tó ń ṣe irú jìbìtì yìí, ń wá kò gba ojú títì kọjá mọ́. Inú yàrá ló ń gbà. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ pín nínú rẹ̀ kò ní dúró sí gáréèjì; ilé àyágbé àti ilé fàájì ni yóò máa ṣọ́.

7.9 Ibòmíràn ní àgbáyé

Ìlú Chicago tí Thrasher kọ̀wé lé lórí fún wa ní ẹ̀kọ́ míràn. Robert Taylor Homes jẹ́ ilé gogoro 28, alájà mẹ́rìndínlógún, tí ìjọba kọ́ fún àwọn aláìní tí wọ́n sì parí ní 1962. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó ní olórí kan ṣoṣo ló wá ń ṣàkóso ẹnu ọ̀nà àwọn ilé náà. Láàárín 1998 àti 2007 ni wọ́n wó gbogbo wọn. Àwọn olùgbé tú ká sí àdúgbò mìíràn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà sì tú ká pẹ̀lú wọn. Ẹgbẹ́ ńlá fọ́ sí wẹ́wẹ́, òpópó kan sí òpópó kejì, láìsí àgbà tí ó lè pàṣẹ pé kí ìjà dá.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, Peckham ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé. Ní November 27, 2000, wọ́n gún Damilola Taylor, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà, nígbà tó ń bọ̀ láti ilé ìkàwé ní North Peckham Estate, ó sì kú. Àkókò náà ni wọ́n ń wó àwọn ilé ibẹ̀ láti kọ́ tuntun, ọ̀pọ̀ yàrá ti ṣófo, àtẹ̀gùn sì dá páropáro. Ìgbà tí ìlú wà láàárín wíwó àti kíkọ́ ni ó léwu jù fún ọmọdé.

7.10 Kí ló ń ṣiṣẹ́?

Ìjọba Èkó gbé òfin tuntun jáde ní 2021: ẹ̀wọ̀n ọdún 21 fún ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, ọdún 15 fún ẹni tó bá fi ilé rẹ̀ gbà wọ́n sílé. Ní January 2020, àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀. Ìjìyà àti ẹ̀ṣọ́ ní àyè tiwọn. Àmọ́, ìtàn tí a ti kà yìí fi ohun mẹ́rin hàn tí ó yẹ kí wọ́n lọ pọ̀ mọ́ wọn:

1. Kí owó ìdíkọ̀ gba inú ìwé kọjá. Tíkẹ́ẹ̀tì, káàdì àti rìsíìtì ìjọba ló ń gba gáréèjì lọ́wọ́ ọmọ ìta.
2. Kí a tó wó ilé, kí a mọ ibi tí olúkúlùkù ń lọ. Ilé, ọjà àti ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú katapílà.
3. Kí ẹjọ́ ilẹ̀ má pẹ́ ní kóòtù. Ajagungbalẹ̀ kì í ríṣẹ́ ní ibi tí ìwé ilẹ̀ bá yanjú.
4. Kí ọmọ tó jáde níwèé rí ọ̀gá gidi. Ọ̀gá télọ̀, ọ̀gá wẹ́dà tàbí ọ̀gá kọ̀ǹpútà ló ń gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n àdúgbò. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

7.11 Àkótán

Àtẹ yìí kó ìtàn náà jọ ní ṣókí:

– *Rélùwéè àti èbúté* (1896–1945): owó ìrè oko àti owó atukọ̀, jàgùdà àti Boma boys.
– *Ilé wíwó àti SAP* (àwọn ọdún 1950–1990): agboolé tú, iṣẹ́ wọ́n, àríà bọ́ìsì.
– *Dàńfó àti gáréèjì* (láti 1978): owó tútù awakọ̀, alágbèrò.
– *Ìlú tó ń fẹ̀* (títí di òní): owó ilẹ̀, ajagungbalẹ̀.
– *Ilé àyágbé àti fóònù* (láti àwọn ọdún 1990): owó akẹ́kọ̀ọ́ àti owó íntánẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ́ òkùnkùn lójú títì.

Ìlú tó bá lé ọmọ ìta láì dí ọ̀nà owó rẹ̀, àdúgbò mìíràn ló gbé e fún.

Ìdánrawò

1. Kí ló fà á tí àwọn Boma boys fi dín kù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì? Fi ìdáhùn rẹ wé ohun tí BRT ṣe sí alágbèrò.
2. Ṣàlàyé ipa tí agboolé ń kó nínú títọ́ ọmọ, kí o sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Ìsàlẹ̀ Èkó tú ká lọ sí Súrùlérè.
3. "Orúkọ ni ìjọba yí padà, kò yí ọ̀nà owó padà." Ṣé o gbà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí lórí ètò gáréèjì ní Ọ̀yọ́ àti Èkó? Fi ẹ̀rí gbe ìdáhùn rẹ lẹ́sẹ̀.
4. Dárúkọ ohun mẹ́ta tó yí Ilé-Ifẹ̀ padà, kí o sì sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe kan àwọn ọ̀dọ́ ìlú.
5. Iṣẹ́ òde: Yan oríta kan ní àdúgbò rẹ, ní Òkè Ogbo, Lágéré tàbí ibi mìíràn tí o mọ̀. Ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé, kí o sì fi àmì sí ibi tí owó ti ń kọjá láti ọwọ́ sí ọwọ́. Bi òbí tàbí àgbàlagbà kan léèrè bí oríta náà ṣe rí ní ogún ọdún sẹ́yìn. Má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni, má dá lọ, má sì lọ lálẹ́. Ẹ̀mí rẹ ṣe pàtàkì ju máàkì lọ.